Ẹ Má Tíì Fa Okùn Rẹ̀: Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Ní Màǹdólíìnì Àtijọ́

Ìkìlọ̀ yìí wà fún ẹni tó bá ní màǹdólíìnì àtijọ́ lọ́wọ́, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ rogodo bí igbá, tó sì ń wù ú láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó lè jẹ́ ogún, ó lè jẹ́ pé ọjà àlòkù ní London tàbí Chicago lẹ ti rà á, ó sì lè jẹ́ pé ará ilé kan ló fi ránṣẹ́ sí yín láti òkè òkun. Ọ̀nà yòówù kó gbà dé ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi okùn tuntun sí i. Bí okùn bá wà lórí rẹ̀, ẹ má ṣe yí i le. Ohun èlò tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé, ọ̀sán kan péré ni ìkánjú fi ń sọ ọ́ di igi ìdáná.

Ohun tó ń bà á jẹ́ jù kì í ṣe ọjọ́ orí. Okùn ni. Okùn tó wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù orin lónìí, ohun èlò mìíràn ni wọ́n ṣe é fún. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, agbára wọn kò dọ́gba.

Ìdí tí okùn fi lè pa á

Ìlú Naples ní gúúsù Ítálì ni irú màǹdólíìnì yìí ti gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà bí ìdílé Vinaccia. Okùn ìfun ẹran àti okùn idẹ ni wọ́n ń fi sí i nígbà náà, ìyẹn kì í sì í fa igi lọ títí. Irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ló wà lóde nígbà tí Mozart fi màǹdólíìnì sínú eré olórin rẹ̀, Don Giovanni, ní 1787. Ní nǹkan bí 1835 ni Pasquale Vinaccia fi okùn irin rọ́pò ti àtijọ́, tó sì fi irin eléyín rọ́pò èèkàn igi tí wọ́n fi ń yí okùn. Irin tó lò yẹn, tínínrín ni. Ó mọ ibi tí agbára igi rẹ̀ mọ.

Ní 1880, ẹgbẹ́ olórin kan láti Sípéènì, Estudiantina Figaro, dé New York. Bandurria, ohun èlò olókùn ti Sípéènì, ni wọ́n ń ta, kì í ṣe màǹdólíìnì, ṣùgbọ́n àwọn ará Ítálì tó ń gbé Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, màǹdólíìnì ni wọ́n sì gbé lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ rẹ̀ fi gba ìlú kan. Ilé iṣẹ́ Lyon & Healy ní Chicago ń ṣe é lábẹ́ orúkọ Washburn, Martin ń ṣe é ní Pennsylvania, Vega ń ṣe é ní Boston, Catania ní Sicily náà sì ń fi olówó pọ́ọ́kú ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ lọ́jà àlòkù títí dòní, tó sì fi jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti nǹkan bí 1890 sí 1920.

Ọkùnrin kan ní Kalamazoo, Orville Gibson, ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní 1898, ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí màǹdólíìnì tirẹ̀, èyí tí wọ́n gbẹ́ ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe fáyólíìnì. Irú èyí nípọn, ó sì lágbára. Òun ló gborí nígbà tó yá, àwọn okùn tí wọ́n ń tà káàkiri lónìí sì wà fún òun àti àwọn ọmọ ìran rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò rẹ̀. Okùn mẹ́jọ ló wà lórí màǹdólíìnì, méjì méjì lọ́nà mẹ́rin, G, D, A àti E, bíi ti fáyólíìnì gan-an. Tí ẹ bá fi okùn tí wọ́n kọ "medium" sára rẹ̀ sórí màǹdólíìnì òde òní, tí ẹ sì yí i dé ohùn rẹ̀, gbogbo ìfà okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yóò tó nǹkan bí 80 kìlógíráàmù. Ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì kan àtààbọ̀ lọ. Okùn tó fúyẹ́ jù lọ, èyí tó tọ́ sí ti àtijọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju àpò kan lọ. Pátákó ojú tó ń gba ìfà yìí, igi spruce tí kò nípọn ju mìlímítà méjì sí mẹ́ta lọ ni. Kò sì sí irin kankan nínú ọrùn rẹ̀ tí a lè yí bíi ti gìtá òde òní tí ọrùn bá tẹ̀. Tó bá ti tẹ̀, ó tẹ̀ náà nìyẹn.

Mo ti rí ọ̀kan tó gba irú okùn líle bẹ́ẹ̀. Lójú, kò sí ohun tó ṣe é nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yí i. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, pátákó ojú rẹ̀ ti rì sínú láàárín ihò àti bíríìjì, igi kékeré tó gbé okùn sókè, igi ìdábùú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti tú, ibi tó là sì gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹni tó ni ín kò ṣe aburú kankan ju pé ó ra ohun tí wọ́n tà fún un.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, èyí tí a lè kà láti ojú ihò. Tí orúkọ Vinaccia, Calace, tàbí Luigi Embergher ti Róòmù bá wà níbẹ̀, ẹ dúró. Ẹ má fi ọwọ́ kan nǹkan kan títí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò fi rí i. Òótọ́ ni pé ìwé lè jẹ́ ayédèrú, àwòrán àmì-ẹ̀yẹ tó kún ojú ìwé kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé ohun èlò náà dára. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ojúlówó ni, àtúnṣe tí kò dáa lè gba èyí tó pọ̀ jù nínú iye rẹ̀ lọ.

Ẹ wo orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí èèkàn igi dípò irin eléyín, tí ojú ọrùn rẹ̀ sì dọ́gba pẹrẹsẹ pẹ̀lú pátákó ojú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ayé ìgbà tí okùn irin kò tíì dé. Èyí kò gbọdọ̀ rí okùn irin sójú rárá, bó ti wù kí irin náà fúyẹ́ tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa iná yàrá. Ẹ ti tọ́ọ̀ṣì kékeré wọ inú ihò, kí ẹ sì máa yí ohun èlò náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn pẹlẹbẹ igi tó di ẹ̀yìn rẹ̀, maple tàbí rosewood nígbà púpọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni wọ́n lẹ̀ mọ́. Níbi tí gọ́ọ̀mù bá ti jẹ́, ìmọ́lẹ̀ yóò yọ sí yín fín-ín-fín láàárín pẹlẹbẹ méjì. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ibẹ̀ lórí bébà, kì í ṣe lára igi. Ẹ fi dígí kékeré tàbí kámẹ́rà fóònù wo abẹ́ pátákó ojú. Níbi tí igi ìdábùú bá ti ṣí, ẹ óò rí òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín òun àti pátákó. Kí ẹ wá fi oríkèé ìka kan pátákó náà jẹ́jẹ́ yí ká. Ibi tó dáa yóò dún ketekete. Ibi tó ti tú yóò ní ohùn kejì tó ń gbọ̀n lábẹ́ ti àkọ́kọ́.

Ẹ gbé rúlà tó gún régé lé ojú rẹ̀ ní ìbú, láàárín ihò àti bíríìjì. Tí àyè bá wà lábẹ́ rúlà, pátákó ti ń rì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan tó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: lẹ́yìn bíríìjì, pátákó náà tẹ̀ wálẹ̀ lójijì, bí ẹni pé wọ́n ká a lórí orúnkún. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, láti fún un lágbára. Àwọn kan ti fi igi dè é, wọ́n ní àwọn fẹ́ tẹ́ ẹ dọ́gba, wọ́n sì là á sí méjì.

Bí okùn bá wà lórí rẹ̀, ẹ wọn gíga okùn sí fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, ìyẹn ìkejìlá nínú àwọn irin tó dábùú ọrùn. Nǹkan bíi mìlímítà méjì dára. Tó bá ti kọjá mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kí ọrùn ti ń yẹ̀ kúrò nídìí, iṣẹ́ olówó gọbọi sì nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gígé bíríìjì kúrú bo irú àbùkù bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ kó sì sọ pé ó ti tún un ṣe. Àbùkù náà ṣì wà níbẹ̀, ìfà okùn yóò sì máa bá a lọ.

Gọ́ọ̀mù àti ohun ìfọ̀ tí kò yẹ

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran ni wọ́n fi kan gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rínrín àti ooru díẹ̀ máa ń mú un rọ̀, nítorí náà oníṣẹ́ lè tú u, kó ṣàtúnṣe, kó sì tún un lẹ̀ láìfa igi ya. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà kò dára fún un, torí ó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìfà, ti tuntun kì í sì í di orí rẹ̀ mú. Gọ́ọ̀mù súpà àti èyí tí a ń pò láti inú tíúùbù méjì burú ju ìyẹn lọ, nítorí ẹni tó bá wá tún un ṣe lẹ́yìn yín yóò ní láti gé igi kó tó lè tú u. Tí ẹ bá fẹ́ lẹ ohunkóhun, gọ́ọ̀mù awọ ni kí ẹ lò. Inú omi gbígbóná ni kí ẹ gbé ìkòkò rẹ̀ sí, kó wà ní nǹkan bí 60 dígírì. Kò gbọdọ̀ hó, torí híhó ń pa agbára rẹ̀.

Lórí fífọ̀ ọ́ mọ́: ẹ má fi sípíríìtì kàn án. Fáníìṣì ayé ìgbà yẹn sábà máa ń jẹ́ shellac, sípíríìtì sì ń yọ shellac lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi pólíìṣì tábìlì náà pa á, nítorí silikónì tó wà nínú rẹ̀ ń wọ ojú ibi tó là lọ, gọ́ọ̀mù kò sì ní lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ mọ́. Aṣọ rírọ̀ tí ẹ fún gbẹ dáadáa ti tó. Níbi tí ìdọ̀tí bá ti gan, àwọn tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nínú ilé ọnà máa ń fi itọ́ ẹnu wọn ra òwú díẹ̀, wọ́n á sì yí i lórí ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Itọ́ ń jẹ ìdọ̀tí, kì í sì í jẹ fáníìṣì.

Fún àwọn irin eléyín, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó gbọn eruku wọn, kí ẹ sì fi orí abẹ́rẹ́ kán epo maṣíìnì tó ṣàn sí eyín kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán kan tó. Epo tó bá ṣàn wọ inú igi kò ní jáde mọ́. Tí síkúrù kan bá kọ̀ láti tú, ẹ fi í sílẹ̀, nítorí irin àtijọ́ máa ń ṣẹ́ sínú igi.

Okùn wo ni kí ẹ rà, báwo lẹ ó sì ṣe fà á

Kí ohun gbogbo tó wà lókè yìí ti dára tàbí kí wọ́n ti tún un ṣe ni ọ̀rọ̀ okùn tó dé. Okùn tí ìdí rẹ̀ ní ojóbó ni kí ẹ wá, kì í ṣe èyí tó ní bọ́ọ̀lù. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀. Okùn E gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.009 ínǹṣì, tí G yóò sì wà ní nǹkan bí 0.032. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà "light" tàn yín jẹ: "light" tí wọ́n ṣe fún màǹdólíìnì òde òní sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 0.010, ó sì ti wúwo jù. Ilé iṣẹ́ GHS ní Amẹ́ríkà ń ṣe èyí tí wọ́n pè ní "ultra light" fún irú ohun èlò yìí. Dogal ní Ítálì náà ń ṣe èyí tó ń jẹ́ Calace, ẹ sì béèrè fún "dolce" nínú rẹ̀. Tí olùtajà bá sọ fún yín pé gbogbo okùn màǹdólíìnì ọ̀kan náà ni, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì jáde.

Ẹ wọ awò ojú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Okùn E tó já lè gún ènìyàn lójú kó tó ṣẹ́jú. Bí ọmọ kékeré bá wà nítòsí, ẹ ní kó jìnnà.

Bíríìjì rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ojú. Okùn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹ wọn ibi tó yẹ kó wà. Láti ibi tí okùn ti kúrò lórí dé fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú láti fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá dé bíríìjì. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, nǹkan bíi mìlímítà 165 ni apá kọ̀ọ̀kan. Iwájú ibi tí pátákó ti tẹ̀ ni bíríìjì ń jókòó sí. Ẹ fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí aṣọ tẹ́ abẹ́ okùn níbi tó ti kọjá létí ìdí, kó má baà gé igi.

Ẹ kọ́ okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí i, kí gbogbo wọn ṣì dẹ̀. Kí ẹ wá máa yí wọn le díẹ̀díẹ̀, láti àárín sí ẹ̀gbẹ́, kí apá kan má ṣe fà ju èkejì lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má dé G, D, A, E. Ẹ dúró ní ohùn kan gbáko sísàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn F, C, G, D. Ẹ gbé rúlà lé ojú rẹ̀, ẹ wọn gíga okùn, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ tún gbé rúlà lé ojú rẹ̀, ẹ tún wọn gíga okùn, kí ẹ sì fi wé ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí nǹkan kan kò bá yí padà, ẹ lè máa gòkè ní ìdajì ìdajì. Bí ó bá yí padà, ẹ tú okùn. Bó bá sì jẹ́ pé F, C, G, D yẹn ni ara rẹ̀ gbà, kò sí ohun tó burú ní kí ẹ máa ta á níbẹ̀ títí ayé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lọ́jọ́ iwájú, nígbà tí okùn bá gbó, ẹ máa pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá já gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bíríìjì yóò yẹ̀, pátákó tó ti mọ ìfà náà lára yóò sì gbéra lójijì.

Ojú ọjọ́, òfin àti iná

Ẹni tó bá gbé e láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó tàbí Ìbàdàn, kó jẹ́ kó sinmi nínú àpótí rẹ̀ fún ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó fà á. Igi ń mu ọ̀rínrín, ó ń wú. Tí ọyẹ́ bá dé, yóò fún, ìgbà náà ni pátákó ń là. Ẹ̀yin tó wà ní òkè òkun, ẹ̀rọ amúlémóoru nígbà òtútù ń ṣe ohun tí ọyẹ́ ń ṣe níbí. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rínrín kò wọ́n. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún bó bá ṣeé ṣe. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn láé, nítorí ooru ibẹ̀ tó láti mú gọ́ọ̀mù awọ rọ̀ nígbà tí okùn ń fà á lọ́wọ́.

Pélébé aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà lójú rẹ̀ nísàlẹ̀ ihò lè jẹ́ èèpo ìjàpá òkun gidi. Òfin àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti ka òwò èèpo yìí láàárín orílẹ̀-èdè léèwọ̀. Ó fi òfin líle de eyín erin náà, àti igi rosewood ti Brazil láti 1992. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè kí ẹ tó fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ tàbí kí ẹ gbé e wọ bàlúù, kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ yín. Bí kò bá sì jẹ́ èèpo ìjàpá, ó lè jẹ́ celluloid, ike àtijọ́ tó ń gba iná kíákíá. Ẹ má gbé àbẹ́là, sìgá tàbí irin ìjórin sún mọ́ ọn.

Ẹni tí ẹ óò gbé e fún

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ gìtá ṣe ló mọ èyí ṣe. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: gọ́ọ̀mù wo lẹ ó lò? Okùn wo lẹ ó fi sí i? Ṣé ẹ ti ṣe irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ rí? Ẹni tó bá dáhùn gọ́ọ̀mù awọ àti okùn tó fúyẹ́ jù, tó sì lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ hàn yín, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹ ní kó dá iye owó kó tó tú ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá láti Catania tàbí tí wọ́n rà nínú ìwé ọjà Sears, Roebuck, owó àtúnṣe wọn lè ju owó tí wọ́n tó lọ. Ìyẹn kò ní kí ẹ má tún un ṣe bó bá jẹ́ ogún bàbá yín. Ó kàn yẹ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ná an.

Bí ọjọ́ kan bá sì dé tí ẹ gbọ́ tí nǹkan dún pàá nínú rẹ̀, tàbí tí ẹ rí i pé okùn ti ga ju ti àná lọ, ẹ má dúró wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ ya fọ́tò, ẹ má sì tíì gbé fóònù. Ẹ tú okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sílẹ̀ ná, kí wọ́n dẹ̀ pátápátá. Ibi tó là tí kò sí ìfà lórí rẹ̀ mọ́ kò ní gùn sí i, ó sì lè dúró de oníṣẹ́ fún oṣù kan tàbí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá pè é.